Orúkọ Tó Wà Lókè Ẹnu Ọ̀nà Aláwọ̀ Ewé

Obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe ọlọ́rọ̀, kì í ṣe olóyè, kò sì sẹ́ni tó máa gbé fọ́tò rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn. Àyìsátù lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dé Òmù-Àrán tẹ́ ẹ ń béèrè Àyìsátù, wọ́n á máa wò yín ni. Ìyá Ọlọ́dà ni kẹ́ ẹ béèrè. Ìsọ̀ tó bá ti pé ogún ọdún nílùú yẹn, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ òun ló kọ orúkọ sí i lára: onígbàjámọ̀, oníkẹ́míìsì, ẹni tó ń lọ ata, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìwé. Ó ti kọ orúkọ ayé, ó ti kọ ti ọ̀run, nítorí òun náà ni wọ́n ń pè tí wọ́n bá fẹ́ kọ nǹkan sára sàréè.

Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà ní Agbamu, nígbà táwọn èèyàn ṣì ń béèrè pé kí ni ọmọbìnrin ń wá lórí àkàbà. Bàbá náà a máa sọ pé lẹ́tà lẹnu, àwọ̀ lojú, ojú lèèyàn sì kọ́kọ́ ń rí kó tó gbọ́ ohun tẹ́nu ń wí. Látọ̀dọ̀ bàbá yẹn ló ti mọ̀ pé àwọ̀ pupa ni oòrùn kọ́kọ́ ń jẹ, pé èèyàn tó bá fi funfun kọ̀wé létí títì ń tan ara rẹ̀ ni, torí tí ọyẹ́ bá dé, eruku á bò ó. Ó sì kọ́ ọ pé kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ orúkọ láti orí. Àárín ni Àyìsátù ti ń bẹ̀rẹ̀. Á ka àwọn lẹ́tà, á wá èyí tó wà ní agbedeméjì gan-an, á kọ ọ́ sí àárín pátákó, á wá máa mú ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, títí tí á fi kan orí àti ìdí. Ó ní orúkọ téèyàn bá bẹ̀rẹ̀ láti orí, ìparí rẹ̀ a máa há mọ́ra bí èèyàn mẹ́ta lórí ọ̀kadà.

Orúkọ kan ṣoṣo ló wà tí kò kọ rí, tí kò sì pè rí. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìyàwó kì í porúkọ ọmọ tó bá bá nílé ọkọ. Ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́ ló bá níbẹ̀, ọkọ rẹ̀ ni. Orúkọ mìíràn ló gbọ́dọ̀ wá fún un: Akọ̀wé, Ìbàdíàrán, Adúmáadán, èyí tó bá ti wù ú. Ní ọdún mẹ́rìndínlógójì sẹ́yìn tí wọ́n mú Àyìsátù wọ ilé Awóyẹmí gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ àbúrò ọkọ rẹ̀. Gbóyèga lorúkọ ọmọ náà. Èmi lè pè é, wọn ò fẹ́ mi sílé wọn. Àyìsátù ò pè é rí, àní lójú àlá.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó délé yẹn ló rí ohun tí wọ́n ń fojú ọmọ tó bá tọ̀ sórí ẹní rí. Ọmọbìnrin kékeré kan ló fara gbá a lọ́jọ́ náà. Wọ́n so ọ̀pọ̀lọ́ mọ́ ọn nídìí, wọ́n gbé ẹní tútù rù ú, gbogbo ọmọ agbo ilé wá tò tẹ̀ lé e, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kọrin:

Atọ̀ọ́lé o, atọ̀ọ́lé!
Ẹní rẹ ń sunkún, atọ̀ọ́lé!

Àwọn àgbà ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní oògùn rẹ̀ nìyẹn, pé ọmọ tójú bá tì dáadáa kò ní tọ̀ mọ́. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká ṣe irú oògùn bẹ́ẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, Àyìsátù lọ dá iná lẹ́yìn ilé, ló bá bá Gbóyèga níbẹ̀. Ọmọ náà gbá ẹní tútù mọ́ àyà, ó ń gbọ̀n. Kò sunkún, kò sá. Ó kàn ń wo ìyàwó tuntun náà ni.

"Ìyàwó," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́."

Àyìsátù gba ẹní lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó sá a sókè ààrò kí ooru iná lè gbẹ ẹ́. Ó bu omi, ó wẹ ọmọ náà, ó fi jélì pa á lára láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Nígbà tí ìyá ọmọ máa fi jí, ọmọ ti jókòó sójú àgbàlá, ó ń dán yìnrìn.

"Ta ló wẹ̀ fún ọ?" ni ìyá rẹ̀ wí.

Àyìsátù sáré kúnlẹ̀. "Òun ló dá jí wẹ̀, Ìyá. Ọkọ tèmi nìyẹn. Ajídán ni mo sọ ọ́."

Gbogbo ilé gba orúkọ náà. Wọ́n ní kò sí irú ọmọ yìí rí, tó jẹ́ pé kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń wẹ̀. Àyìsátù ní kí wọ́n jẹ́ kó máa sùn lọ́dọ̀ òun kí òun lè máa rán an níṣẹ́. Odindi ọdún márùn-ún ló fi ń jí ṣáájú àkùkọ, tó ń fọ ẹní, tó ń wẹ ọmọ, títí ara ọmọ náà fi dá fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣe é, ó fa etí ara rẹ̀, ó fa etí ọmọ náà, ó ní, "Etí mi rèé, etí rẹ rèé. Etí kẹta ò ní gbọ́ ọ títí n ó fi wọlẹ̀."

Ó sì pa á mọ́. Ọkọ rẹ̀, Aminullah, tí wọ́n jọ ń sùn, kò gbọ́ ọ títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn.

Gbóyèga dàgbà, ó lọ Èkó, ó ń ta táìsì tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ilé, Ọlọ́run sì gbọ́ tirẹ̀. Tó bá wálé, kò ní tíì kí ẹnì kankan kó tó ya ọ̀dọ̀ Àyìsátù. "Ìyàwó mi dà?" lẹ ó máa gbọ́ láti ẹnu géètì. Nígbà tí ọkọ obìnrin náà kú, òun ló dúró tì í tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú opó tí kò lẹ́ni wò ó. Láàárín gbogbo ọmọ Awóyẹmí, tí Àyìsátù bá ní òun ní ẹnì kan, ẹni yẹn ló ní.

Ọdún tó kọjá ni Gbóyèga bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ súpámákẹ́ẹ̀tì kan sójú títì tó lọ sí Òrò. Kì í ṣe ìsọ̀ kékeré o. Ilé alájà mẹ́ta ni, gíláàsì ló fi ṣe ojú rẹ̀, wọ́n sì kọ́ pátákó ńlá sókè iwájú rẹ̀, tó gùn tó bọ́ọ̀sì méjì. Lójoojúmọ́ ni Àyìsátù ń gba ibẹ̀ kọjá, pátákó yẹn ló sì ń wò. Ẹ má gbàgbé pé iṣẹ́ ọ̀dà ti ń kú. Ọmọ tí kò mọ búrọ́ọ̀ṣì dì mú á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, á tẹ nǹkan, kẹ́ ẹ tó mumi tán bánà ti jáde. Ó tó oṣù mẹ́rin tí Àyìsátù ò gun àkàbà. Ó wá ń sọ nínú ara rẹ̀ pé ẹ̀bùn tí Ajídán máa fún òun kó tó rẹ òun rèé, kí òun kọ orúkọ kan tí ayé á rí.

Ká ní ó fi sínú ara rẹ̀ ni, ì bá dára. Ó kó ẹnu lé e. Ó sọ fún gbogbo ìyàwó ilé, pàápàá Janet, ìyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, obìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. "Orúkọ tí n ó kọ síbẹ̀," ni Àyìsátù wí, "láti Òrò lẹ ó ti máa kà á." Janet ní, "Ìyálé wa, a ń retí."

Nígbà tó yá, ọ̀gá tí Gbóyèga fi ṣe olórí ibẹ̀ ránṣẹ́ pe Àyìsátù. Barnabas lorúkọ ọmọkùnrin náà, ó tutù, ó mọ̀wà hù. Ó mú ìwé jáde, ó ní àwọ̀ eérú ni wọ́n fẹ́ fi kun ẹnu ọ̀nà méjèèjì, kí wọ́n kọ òyìnbó wẹ́wẹ́ sí i lára pé ibí ni wọ́n ń gbà wọlé, ibí ni wọ́n ń gbà jáde. Àyìsátù mi orí.

"Ìyá arúgbó tó ti Agbamu wá, ṣé ó mọ òyìnbó ni? Ẹ jẹ́ kí èyí tí wọ́n ń gbà wọlé jẹ́ àwọ̀ ewé. Kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù ewé, ẹsẹ̀ á gbé e lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí tọ̀hún jẹ́ pupa, ẹni tó bá wà lóde á mọ̀ pé kì í ṣe ibẹ̀. Ẹ má kọ ohunkóhun sí i."

Barnabas pe Èkó lórí fóònù. Ó gbọ́, ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá ní bí Ìyá Ọlọ́dà bá ṣe wí ni kí n ṣe é." Inú Àyìsátù dùn. Ó gbójú sókè wo pátákó ńlá yẹn, ó ní, "Tókè yìí ńkọ́?"

Ojú Barnabas yí díẹ̀. "Mà, ẹ má bínú. Àwọn lẹ́tà oníná ń bọ̀ láti Èkó. Ọ̀gá ní gbogbo ìsàlẹ̀, ẹ̀yin lẹ ni ín. Àmọ́ tòkè yẹn, wọ́n kìlọ̀ fún mi dáadáa. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni lè débẹ̀, kì í ṣe Ìyá Ọlọ́dà."

Ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe òun. Àwọn bíríkìlà tó wà nítòsí gbọ́ ọ, ojú ti Àyìsátù débi tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í po ọ̀dà tí kò tíì ṣí. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi kun ẹnu ọ̀nà yẹn. Mo fi Ọlọ́run búra, ó kùn ún re. Àwọ̀ ewé náà tutù lójú bí ewé ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn òjò, pupa náà mọ́ kedere, ó sì ya ọfà sílẹ̀ láti etí títì dé ibi tí wọ́n ń gbà wọlé. Lókè orí rẹ̀, àwọn ará Èkó gun igi, wọ́n ń kan nǹkan sábẹ́ tapolíìnì. Kò gbójú sókè wò wọ́n rí.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n ṣí i, àwọn ìyàwó ilé jókòó sójú àgbàlá lọ́sàn-án, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà tí wọ́n máa sè fún àlejò. Àyìsátù wọlé, ọ̀dà pupa ṣì wà ní èékánná rẹ̀. Janet wò ó.

"Ìyálé wa, ẹ kú iṣẹ́ o. A gbọ́ pé ilẹ̀kùn ni ọ̀gá ní kẹ́ ẹ kùn." Ó da ẹ̀wà sínú àtẹ. "Kò burú. Láti Òrò la ó ti máa rí ilẹ̀kùn."

Àgbàlá dà rú fún ẹ̀rín. Obìnrin kan fi ọwọ́ gbá itan. Àyìsátù dúró níbẹ̀, ara rẹ̀ gbóná, ó ń wá ohun tó máa sọ tí wọ́n á fi dákẹ́. Ẹ ṣáà mọ inú. Inú tó bá ń bíni kì í bi ni léèrè pé kí la fẹ́ kó gbé jáde.

"Ta lẹ ń pè ní ọ̀gá?" ó ní. "Ajídán? Ajídán tí mo fi ọwọ́ yìí wẹ̀? Ẹ ò bi mí ohun tó ń mú un jí wẹ̀!"

Ó bá sọ ọ́. Inú ń bí i tó báyìí, síbẹ̀ kò porúkọ ọkọ rẹ̀, ẹ wo nǹkan. Òfin tí ilé ṣe fún un, ó pa á mọ́. Èyí tó fúnra rẹ̀ ṣe fún ọmọ kékeré ló rú. Ó sọ ti ẹní, ó sọ ti ààrò, ó sọ pé ọdún mẹ́tàlá ni ọmọ náà pé kó tó ṣíwọ́. Ó fi bó ṣe ń gbọ̀n hàn wọ́n. Àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọn ò fi òun rẹ́rìn-ín mọ́, ẹlòmíràn ni wọ́n ń fi ṣe é, ó sì dùn mọ́ ọn. Ohun tí kò lè dárí ji ara rẹ̀ títí dòní nìyẹn, pé ó dùn mọ́ ọn.

Kí ẹ̀rín yẹn tó tán nílẹ̀ ni ara rẹ̀ ti tutù. "Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ má jẹ́ kó jáde o."

"Níbo ni yóò gbà jáde?" ni Janet wí, ó ń nu ojú. Ẹ gbọ́ ìbéèrè. Ẹnu méje ló wà lágbàlá yẹn.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ṣí súpámákẹ́ẹ̀tì náà. Wọ́n ta kánópì sójú títì, àwọn èèyàn jáde láti Òrò, láti Èsìé, láti Agbamu. Gbóyèga wá pẹ̀lú Hamidah ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ wọn méjì, àti bàbá Hamidah, bàbá àgbàlagbà kan tó wọ fìlà funfun, tí wọ́n gbé sórí àga iwájú. Wọ́n fa Àyìsátù lọ́wọ́ pé iwájú ni kóun náà jókòó. Ó kọ̀, wọ́n fà á, ó jókòó.

Gbóyèga gbé máìkù. Ó ṣẹ́wọ́ sí Barnabas, wọ́n fa okùn, tapolíìnì já bọ́.

AJÍDÁN ló wà níbẹ̀.

Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ga ju èèyàn lọ. Wọ́n tan iná inú rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ó ń dán.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin àna mi," ni Gbóyèga wí, "gbogbo yín lẹ rò pé orúkọ mi tàbí ti bàbá mi ni n ó kọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí ìyàwó kan wọlé wa. Òun ló máa ń jí mi kí ilẹ̀ tó mọ́, tó máa ń wẹ̀ mí, tó máa ń fi jélì pa mí lára. Ó ní ọmọ tó bá jí tó dán, ọ̀nà rẹ̀ á dán. Orúkọ tó sọ mí lẹ ń wò yẹn. Akọ̀wé orúkọ ni, gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n má jẹ́ kó fọwọ́ kan èyí, torí ẹni tá a fẹ́ bu iyì fún, kì í ṣe òun náà ló yẹ kó tún gun àkàbà. Ìyàwó mi, ẹ dìde kí wọ́n rí yín."

Àyìsátù ò lè dìde. Ó mọ ohun tó ń bọ̀. Ó ń gbàdúrà nínú pé kí ilẹ̀ lanu.

Ẹnì kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín níbi tí àwọn ìyàwó ilé jókòó sí. Wọ́n sọ pé Janet kọ́, ó sì lè máà jẹ́ òun lóòótọ́. Òmíràn fi ìbòrí bo ẹnu. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń béèrè pé kí ló dé, wọ́n ń sọ ọ́ sí wọn létí, ẹ̀rín náà ń lọ láti àga dé àga. Obìnrin àgbà kan, tí kò ní ibi kan lọ́kàn, ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe bí a ṣe ń ṣe é nínú ẹbí, bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ jẹ́jẹ́:

"Atọ̀ọ́lé o, atọ̀ọ́lé!"

Àwọn ọmọdé gbé e. Ọmọdé ò kúkú mọ ìgbà téèyàn ń dákẹ́. Hamidah bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ léèrè, ìyẹn sọ fún un. Bàbá Hamidah tẹ orí ba, ó ń wo bàtà rẹ̀.

Máìkù ṣì wà lẹ́nu Gbóyèga. Ó ń wo ọ̀kánkán, ó ń gbọ́ orin náà. Ó yí ojú padà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kan Àyìsátù.

"Ìyàwó mi?" ó ní.

Gbogbo èèyàn ló gbọ́ ọ nínú ẹ̀rọ. Ìbéèrè ni, kì í ṣe ìbínú. Àyìsátù wolẹ̀. Nígbà tó máa gbójú sókè, ọkùnrin náà ti gbé máìkù sílẹ̀, Barnabas ló wá já rìbọ́ọ̀nù. Àyìsátù gba ẹ̀yìn kánópì jáde, ó fẹsẹ̀ rìn dé ilé. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ikú kì í dáhùn nígbà tí a bá ń pè é.

Lọ́jọ́ kẹta ló lọ bẹ̀ ẹ́. Ó bá a níwájú ilé tuntun tó kọ́ sẹ́yìn súpámákẹ́ẹ̀tì náà, níbi tí òun, ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ ti kó wá láti Èkó, ó kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́.

"Ọkọ mi, ẹ ṣe mí bó bá ṣe wù yín. Ẹnu mi ló ṣe mí. Mi ò ní àwíjàre kankan."

Gbóyèga sáré gbé e dìde. "Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi. Ẹ̀yin lẹ wẹ̀ mí." Ó fà á dé orí bẹ́ǹṣì, òun náà jókòó. "Mi ò bínú nítorí ẹní. Ta ni ò tọ̀ sórí ẹní rí? Ohun kan ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ní Èkó, tí ayé bá fi mí ṣẹ̀sín, tí wọ́n rẹ́ mi jẹ, tí ọkàn mi bá rẹ̀wẹ̀sì, mo máa ń sọ fún ara mi pé ẹnì kan wà láyé tó mọ èyí tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ mi, tí kò sì sọ ọ́. Ìyẹn ni mo kọ sórí ilé."

Ká ní ó na Àyìsátù ni, ara ì bá tù ú.

Wọn ì bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó di ọ̀rọ̀ àná, àmọ́ àwọn ọlọ́kadà ò jẹ́. Ẹ mọ̀ wọ́n, ibi tí wọ́n bá sọ lórúkọ ti gbà á nìyẹn. Kí oṣù tó pé, tẹ́ ẹ bá gun ọ̀kadà láti ọjà, "Ẹ gbé mi dé Atọ̀ọ́lé" lẹ ó wí, wọ́n á sì gbé yín dé ẹnu ọ̀nà súpámákẹ́ẹ̀tì náà gan-an. Ọjọ́ kan, ọmọ Gbóyèga ọkùnrin ti ilé ìwé dé, ó ń sunkún, ó bi bàbá rẹ̀ léèrè pé ṣé òótọ́ ni.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Barnabas wá sí ọ̀dọ̀ Àyìsátù. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Mà, wọ́n ti tú àwọn lẹ́tà yẹn wálẹ̀. Ọ̀gá ní kẹ́ ẹ wá kọ tuntun. Wọ́n ní ọ̀dà ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́, kẹ́ ẹ kọ ọ́ bó bá ṣe wù yín."

"Kí ni kí n kọ?"

Barnabas fún un ní bébà kékeré. Ó tú u. Orúkọ tí ìyá Gbóyèga sọ ọ́ ló wà níbẹ̀.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Iṣẹ́ tó fẹ́, tó fi ṣe fọ́ńté, tó tìtorí rẹ̀ bínú, ó ti dé. Ó mú bébà náà lọ bá àwọn ìyàwó ilé pé kí ni kóun ṣe, ìyàwó kì í porúkọ ọkọ. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Janet pàápàá ń wo ilẹ̀. "Ìyálé wa," ó ní, "ẹnu ló ń pe orúkọ. Ọwọ́ kì í pè é." Àánú ló fi sọ ọ́, àánú yẹn sì dun Àyìsátù ju yẹ̀yẹ́ rẹ̀ lọ.

Ó gun àkàbà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó fi okùn àti ẹfun fa ìlà, ó ka lẹ́tà, méje ni. Y ló bọ́ sí àárín, ó kọ ọ́. Ó mú Ó lósì, ó mú È lọ́tùn-ún. Èèyàn tó ń lọ lójú títì ò tíì lè sọ ohun tó ń kọ, òun náà sì ń tan ara rẹ̀ pé kò tíì di orúkọ. Ó kọ B, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sún àkàbà, ó kọ G. Ó wá ku ọ̀kan lórí, ọ̀kan nídìí. Ó dúró lórí àkàbà yẹn, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, títí ọ̀dà fi ń kán sí i lẹ́sẹ̀. Ọmọ kékeré tó gbá ẹní tútù mọ́ra, òun ló ń wò. Nígbà tó kọ lẹ́tà tó gbẹ̀yìn, omijé ti bo ojú rẹ̀ débi pé ọwọ́ nìkan ló fi mọ̀ pé ó gún.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Gbóyèga jáde wá, ó gbójú sókè, ó wò ó pẹ́.

"Ó dára," ó ní. "Ẹ ṣeun, Ìyá Ọlọ́dà."

Ó wọlé padà. Láti ọdún mẹ́rìndínlógójì, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè é ní orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é.

Àyìsátù bẹ̀rẹ̀, ó ń kó agolo ọ̀dà rẹ̀ jọ. Ìyá arúgbó kan bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà, agbọ̀n wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ṣíji bo ojú.

"Ọmọ mi, kí ni wọ́n wá kọ síbẹ̀ yìí? Mi ò mọ̀wé."

Àyìsátù la ẹnu. Èyí tó mọ̀ ọ́n pè, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Èyí tó wà níbẹ̀, ahọ́n rẹ̀ ò gbé e. Ó pa ẹnu dé.

"Ilé ọjà ni, Mọ́mà," ó ní. "Ẹ gba ẹnu ọ̀nà tó jẹ́ àwọ̀ ewé yẹn wọlé."

"Ìwọ ò ní wọlé ni?"

"Rárá, Mọ́mà. Mo kàn wá kọ nǹkan ni."